Àwòrán Bàbá Ráfíù Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Rẹ̀

Òjò ò tíì rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ti ṣú láti ìgbà tí a ti kírun Àsùbá. Atẹ́gùn tútù ń gbá eruku kiri níwájú họ́ọ̀lù wa ní Challenge, àwọn tó ń kó àwòrán sínú ọkọ̀ sì ń wo òkè ju ilẹ̀ lọ. Èmi náà ń wò ó. Bí òjò bá rọ̀, ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún bàjẹ́ nìyẹn.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbálẹ̀ họ́ọ̀lù yẹn. Ìgbéyàwó, ìpàdé, ìsọmọlórúkọ, gbogbo wọn ni mo ti gbálẹ̀ lẹ́yìn wọn. Àwọn aláwòrán yìí nìkan ni tiwọn yàtọ̀. Àwòrán ojú ènìyàn ni wọ́n kó wá, àwọn tó gba ẹ̀bùn níbi ìdíje. Wọ́n ń kó wọn láti ìlú dé ìlú kí aráyé lè rí wọn. Wọ́n ní kí n gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, kí n jókòó sórí àga, kí n rí i pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan nǹkan, torí òógùn ọwọ́ máa ń ba ọ̀dà jẹ́. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń sanwó fún mi kí n máa wojú ènìyàn.

Iṣẹ́ náà ò rọrùn. Ẹni tó ń ra aṣọ á fọwọ́ pa á, ẹni tó ń ra àgbò á tẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ wo nǹkan láìfọwọ́ kàn án? "Ẹ má fọwọ́ kàn án o" ni mo ń ké títí ohùn mi fi há. Obìnrin kan tiẹ̀ kúnlẹ̀ kí àwòrán arúgbó kan. Ó ní bí bàbá náà ṣe ń wo òun, òun ò lè kọjá láìkí i.

Bàbá Ráfíù wà lára àwọn àwòrán yẹn. Oníṣu ni ní ọjà Ìpàtá, ọwọ́ ẹ̀ ni mo ti ń ra iṣu láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọkùnrin ayàwòrán kan ló jókòó tì í ní ìsọ̀, tó yà á. Kí àwòrán náà tó yí débi tiwa, Bàbá ti jáde láyé. Ráfíù, ọmọ ẹ̀ tó jogún ìsọ̀, wá wò ó. Ó dúró pẹ́ níwájú ẹ̀, ó wá lọ sọ fún ìyá ẹ̀ nílé pé, "Ìyá, Bàbá ń rẹ́rìn-ín."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ìyá Ráfíù ń ṣe opó lọ́wọ́, èyí tí àwa ń pè ní tákàbà, kò sì ní jáde nílé títí yóò fi parí ẹ̀. Ó ránṣẹ́ pè mí.

"Àlàájà, ẹ̀yin lẹ ń ṣọ́ ọ. Ṣé òótọ́ ni pé ó ń rẹ́rìn-ín?"

Mo ní, "Ó jọ ẹ̀rín."

"Eyín hàn?"

"Ó hàn díẹ̀."

Ó ní, "Mo bímọ fún un, mo tọ́jú ìyá ẹ̀ títí ó fi kú, mi ò rí eyín ẹ̀ rí àfi tó bá ń jẹun. Ọmọ tó kàn gbé ọ̀dà wá síbẹ̀, òun ló wá ń rẹ́rìn-ín fún?"

Ráfíù ti fi fóònù yà á wá fún un. Ìyá ẹ̀ ní ojú òun tó ń ṣe bàìbàì ò rí ju fìlà lọ níbẹ̀. Ọjọ́ kejì sì ni àwòrán ń lọ. Mo rí i pé bó bá lọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín yẹn ni yóò máa bá a jókòó nínú yàrá.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán kan, Fúnkẹ́, ni ọ̀gá àwọn tó ń kó àwòrán kiri. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ kí ìyá Ráfíù lè rí àwòrán ọkọ ẹ̀.

"Màmá, a kì í gbé àwòrán lọ sílé ẹnikẹ́ni."

"Mi ò ní kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Iwájú ilé wọn náà ni ọkọ̀ yín máa gbà jáde. Ẹ kó tiẹ̀ sínú ọkọ̀ kẹ́yìn, kó wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ṣílẹ̀kùn, kó wò ó, kẹ́ ẹ tì í."

Ó rò ó. "Bí òjò bá kán ẹ̀kán kan, mi ò ní ṣí i o."

"Ọlọ́run ló ni òjò," mo ní.

Bó ṣe di pé mò ń wo òkè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn. Wọ́n gbé Bàbá Ráfíù wọlé kẹ́yìn, mo bá wọn jókòó síwájú ọkọ̀. Òjò ò rọ̀. Awakọ̀ fi ẹ̀yìn ọkọ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé, a sì dí ọ̀nà mọ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́.

Ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, "Ẹ gbọ́, ṣé ẹrù ìyàwó lẹ fẹ́ sọ̀ ni?"

Awakọ̀ dá a lóhùn pé, "Ọkọ ìyàwó la gbé wá!"

Ìyá Ráfíù jókòó sórí ẹní nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, kò kọjá ẹnu ọ̀nà. Fúnkẹ́ wọ ìbọ̀wọ́, ó tú aṣọ tí wọ́n fi wé àwòrán. Ìyá Ráfíù ní kí Ráfíù kúrò níwájú òun. Ó wò ó. Ó na ọrùn, ó tún wò ó.

"Ta ló ní ẹ̀rín nìyí?"

Fúnkẹ́ ní, "Màmá, gbogbo ẹni tó wò ó ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀rín kọ́. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí oníbàárà bá ná iṣu ẹ̀ ní ìnákúnàá. Á ká ètè sókè báyìí, kò ní sọ̀rọ̀, títí onítọ̀hún á fi fowó kún un." Ó ṣe é kí a rí i. Ráfíù bú sẹ́rìn-ín.

Èmi náà wá rí i. Àìmọye ìgbà ló ti ṣe é fún mi, mo sì jókòó tì í láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé, mo ń pè é ní ẹ̀rín.

Fúnkẹ́ ní, "Kí la wá máa sọ fún àwọn tó fún un lẹ́bùn?"

"Ẹ má sọ nǹkan kan. Ọmọ yẹn yà á dáadáa. Òun gan-an nìyí." Ìyá Ráfíù fi hìjáàbù nu ojú. "Ọlọ́run forí jì í. Kò rẹ́rìn-ín fún ẹnì kankan. Ẹ máa gbé e lọ, kí òjò má pa á."

Bí wọ́n ṣe tilẹ̀kùn ọkọ̀ ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba Ìpàtá lọ ra iṣu lọ́wọ́ Ráfíù. Mo ná an bí mo ṣe máa ń ná an. Kò sọ̀rọ̀. Ó ká ètè sókè, eyín ẹ̀ hàn díẹ̀. Mo wo ojú ẹ̀ títí, mo sì fowó kún un.