Fóònù Tó Ń Ká Lórí Tábìlì Mi

Nígbà tí mo kó dé yàrá kan ṣoṣo tí mo háyà ní Agric, ní Ìkòròdú, mo rò pé dídá sùn ló máa le jù fún mi. Kì í ṣe òun. Dídá jẹun ni. Ènìyàn lè dá sùn, kó dá jí, kó dá fọṣọ, kó má sì ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí mo bá ro èbà tán, tí mo jókòó tì í, tí mo sì ń gbọ́ bí òkèlè ṣe ń lọ lọ́nà ọ̀fun mi, ọkàn mi á kàn rẹ̀wẹ̀sì. Mo fẹ́ ṣàlàyé èyí dáadáa, torí àwọn tí mo ti sọ ọ́ fún rò pé ọbẹ̀ mi ni kò dùn. Ọbẹ̀ mi dùn. Ó kàn ń ṣe mí bíi pé mò ń jí oúnjẹ ara mi jẹ ni.

Ìyá bàbá mi, tí mo ń pè ní Màmá, ló tọ́ mi ní Ẹ̀pẹ́. Inú abọ́ kan náà ni èmi àtàwọn ti ń jẹun títí mo fi wọ yunifásítì. Mo kẹ́kọ̀ọ́ jáde, mo ṣe àgùnbánirọ̀, mo wá iṣẹ́ títí ó fi rẹ̀ mí, kí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan tó gbà mí pé kí n máa kọ́ àwọn ọmọ pírámárì ní ìṣirò. Àbúrò bàbá mi ti ra fóònù fún Màmá, nítorí náà, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí èmi bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, tí àwọn náà sì ti kírun alásàrí, mo máa ń pè wọ́n kí á lè jọ máa rí ojú ara wa, kí oníkálukú gbé oúnjẹ rẹ̀ síwájú.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọwọ́ ni a fi ń jẹ èbà. Mi ò lè di fóònù mú kí n sì tún máa fọ́ ẹja. Agolo gààrí ni mo máa ń fi fóònù tì, kì í sì í pẹ́ tó fi ń yọ̀ ṣubú.

“Ó tún ti dojú bolẹ̀, ọkọ mi.”

“Ẹ má bínú, Màmá.”

“Oúnjẹ lo fẹ́ jẹ ni àbí fóònù lo fẹ́ máa gbé dìde?”

Lọ́jọ́ kan ó ṣubú sínú ọbẹ̀. Mo nù ún, mo sá a, mo fi í sínú ìrẹsì bí gbogbo ayé ṣe máa ń sọ. Ó tàn, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde mọ́. Màmá ń la ẹnu, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Bí mo ṣe di ẹni tó ń wá fóònù tuntun nìyẹn.

Obìnrin kan tó ń ta fóònù ní ìkòríta Agric mọ̀ mí torí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì mi. Inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo ti rí fóònù tó ń ká. Ó ṣí i bí ẹni ṣí ìwé, ó sì tún ká a díẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ sórí gíláàsì, ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Fóònù náà dá dúró. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ohun tó ṣe mí. Mo kàn rí tábìlì mi, mo rí abọ́ mi, mo sì rí ojú Màmá ní òdìkejì, tó fẹ̀ tó ojú ènìyàn gan-an.

“Àǹtí, èyí ńkọ́?”

Ó wò mí. “Tíṣà, fi ìyẹn sílẹ̀. Tòkunbọ̀ ni. Iye yìí náà máa ra fóònù pẹlẹbẹ tuntun, tí kì í ká, fún ẹ, tí bátìrì rẹ̀ á gbé ọ di ọ̀la, tó bá ṣubú, á tún dìde. Èyí, ojú inú rẹ̀ rọ̀ bí awọ ọmọ ìkókó. Iyanrìn lọ̀tá rẹ̀, omi lọ̀tá rẹ̀. Kí lo tiẹ̀ fẹ́ fi ṣe?”

“Iṣẹ́.”

“Iṣẹ́ wo? Ìṣirò ọmọ pírámárì ló nílò fóònù tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn?”

Ọkùnrin kan tó ń gba ṣájà bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo sì sọ òtítọ́, pé mo fẹ́ kó máa dá dúró ni. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ike kékeré kan yọ lábẹ́ káńtà, irú èyí tí wọ́n ń gbé fóònù lé. “Èyí náà ń mú fóònù dúró. Ra pẹlẹbẹ, màá fi ṣe jàárá fún ẹ.”

Mo mọ̀ pé òdodo ló ń sọ. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́n. Ṣùgbọ́n mo ti rí ojú yẹn ní òdìkejì tábìlì, kò sì sí bí ojú kékeré ṣe lè tẹ́ mi lọ́rùn mọ́. Fóònù tó ń ká ni mo rà. Bó ṣe ń gbé e fún mi, ó na ìka sí ojú inú rẹ̀. “Ohun tó dà bí ọ̀rá níbí yìí, kì í ṣe ọ̀rá. Ara fóònù ni. Má ṣí i kúrò o. Bó o bá ṣí i kúrò, má wulẹ̀ wá bá mi.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lò ó kó tó bàjẹ́, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ láì ṣègbè. Ó wúwo nínú àpò ṣòkòtò. Bátìrì rẹ̀ máa ń kú kí wọ́n tó lu agogo ìparí ilé ẹ̀kọ́. Ìlà kan wà láàárín ojú rẹ̀ níbi tó ti ń ká, ìlà yẹn sì máa ń gba orí imú Màmá kọjá. Nínú ọkọ̀, mi ò jẹ́ mú un jáde, torí bí mo bá ti ṣí i báyìí, gbogbo èèyàn á yíjú sí mi. Ṣùgbọ́n ní aago márùn-ún, màá gbé e kalẹ̀, màá fọ ọwọ́ mi méjèèjì, Màmá á sì wà níbẹ̀. Wọ́n á ní kí n má jẹun kíákíá. Wọ́n á bi mí irú ẹja tó jẹ́. Fún ogún ìṣẹ́jú, yàrá mi kì í ṣe yàrá ẹni tó dá wà.

Nílé wa ní Ẹ̀pẹ́, ẹnikẹ́ni kì í lo ohun tuntun kí àgbà ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i, kó sì ṣàdúrà sí i. Ìkòkò, bàtà, ìwé tí mo fẹ́ gbé lọ sílé ẹ̀kọ́, orí bẹ́ẹ̀dì Màmá ni gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ sùn. Mo ti lo fóònù yìí láì ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn. Ní Sátidé kan mo wọ ọkọ̀, mo gba Ìtòìkín, mo dé Ẹ̀pẹ́ kó tó di ọ̀sán. Màmá ti se ìkọ́kọrẹ́ sílẹ̀. Kí a tó jẹun, mo gbé fóònù fún wọn.

Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ní kí n jókòó tì wọ́n. Wọ́n fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ mi mú, wọ́n sì gbé fóònù tó ṣí sílẹ̀ sórí itan. Wọ́n ṣàdúrà títí, wọ́n ní kó má gbé ìròyìn burúkú wá bá mi. Bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò ọ̀tún ra ojú rẹ̀, ìka wọn dé ibi tí etí ohun tó dà bí ọ̀rá náà ti ṣí díẹ̀.

“Wọn ò tíì bọ́ ọ̀rá rẹ̀.”

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ní àkókò tí mo fi lè sọ̀rọ̀. Màmá kì í kánjú. Wọ́n wí bísímílà, wọ́n fi èékánná wá etí rẹ̀, wọ́n rí i, wọ́n mú un. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Mi ò la ẹnu. Ó yọ pẹ̀lú ìró kékeré kan, bí ìgbà tí a bá bó èèpo iṣu tó ti jinná, ìlà dúdú kan sì jáde láàárín ojú fóònù, ó ń fẹ̀, ó ń fẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi ṣókùnkùn.

“Ṣé mo bà á jẹ́ ni?”

“Rárá, Màmá. Ó ń sinmi ni.”

A jẹ ìkọ́kọrẹ́ nínú abọ́ kan. Mo padà sí Ìkòròdú ní ìrọ̀lẹ́.

Ojú kékeré tó wà lẹ́yìn fóònù náà, èyí tí à ń rí bó bá ká, ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ Ajé, mo fi pè wọ́n, mo dì í mú lọ́wọ́ òsì, mo ń fi ọ̀tún jẹun.

“Ṣí i kí n rí i,” ni Màmá wí.

“Màmá, ó wà dáadáa.”

“Mo ní kó o ṣí i.”

Mi ò ṣí i.

“Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀,” ni wọ́n wí. “Bó o bá ń parọ́, o kì í wo ojú èèyàn, láti kékeré ni. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé kí ló dé tí o ò dá mi dúró?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní èèyàn kì í já àdúrà gbà lẹ́nu àgbà. Mo ní ó lè jẹ́ pé ó ti fẹ́ bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, pé tòkunbọ̀ ni. Mo sọ̀rọ̀ títí èbà fi tutù. Nígbà tí àlàyé tán lẹ́nu mi, mo sọ èyí tó kù.

“Ọwọ́ yín ló wà nínú ọwọ́ mi, Màmá. Mo rò pé tí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ máa gbé e kúrò.”



“Ọmọ tó kàwé tó báyìí,” ni wọ́n wí. Kì í ṣe ìbínú. “Ó dáa. Mi ò bá fóònù jẹun mọ́. Sátidé, máa bọ̀ wá jẹun. Ọjọ́ tó kù, dá jẹ tìẹ, kí èmi náà dá jẹ tèmi.”

Mo fẹ́ sọ pé ọjọ́ tó kù pọ̀ ju Sátidé lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé fóònù kalẹ̀. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Pákó àjà ni mò ń wò, àti okùn iná tó gba ibẹ̀ kọjá. Mo gbọ́ tí wọ́n da omi sí ọwọ́. Mo gbọ́ bísímílà. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, àfi abọ́ tó ń ró lórí tábìlì nígbà tí wọ́n bá bu òkèlè. Láti ọdún tí mo ti wọ yunifásítì títí di ìsinsìnyí, mo ti ka oúnjẹ tí èmi dá jẹ lọ́jọ́ lọ́jọ́, mi ò ka èyí tí àwọn dá jẹ rí. Wọ́n ń jẹun díẹ̀díẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á tún bù.

Èmi náà ò pa fóònù. Mo fa abọ́ mi súnmọ́ra, mo sì rọra ń jẹun, kí wọ́n má baà mọ̀ pé mo ṣì wà níbẹ̀.