Ọwọ́ Ńgọ́zí Nínú Aró

Ọjọ́ tí ogun abẹ́lé dé bá wa ní Ìbíní, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ki aṣọ bọ inú aró ni. Ọmọ Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta ni mí, iṣẹ́ àdìrẹ ló gbé mi débẹ̀. Ńgọ́zí, ọmọ Ìgbò, ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Lásísì, télọ̀ ọmọ Òwu, ló ń gbé yàrá iwájú nínú ilé kan náà. Ńgọ́zí kì í jẹ́ kó kọjá lásán.

"Búọ̀dá Lásísì, bùbá tí ẹ rán fún mi, apá kan gùn, apá kan kúrú. Ṣé ẹ ń tòògbé ni?"

"Apá tìẹ ni kò dọ́gba, ọmọ yìí!"

A ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ìbọn dún. Ilẹ̀ mì, omi aró ń gbọ̀n nínú ìkòkò. A sá wọlé, a fi aṣọ sílẹ̀ síbẹ̀ títí ó fi rà.

Ọjà ò ná mọ́. Nígbà tí gàrí tán, láfún tí à bá fi po ẹ̀kọ tí a fi ń ya ọnà sára àdìrẹ la rò jẹ. Kí a tó pò ó mọ́ álọ́ọ̀mù ló ṣeé jẹ. Èyí tó bá ti kan álọ́ọ̀mù, inú rírun ni. Nígbà tó yá, a jẹ ìyẹn náà. Lásísì bá wa jẹ ẹ́. Ọwọ́ Ńgọ́zí ló ti ń gba abọ́.

Lẹ́yìn náà ni àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ ń wọ ilé kiri, wọ́n ń wá àwọn Ìgbò. Wọ́n kó wa jáde sí àgbàlá. Ọ̀kan na ìbọn sí Ńgọ́zí, ó fi pìjìn bi mí pé:

"Ọmọ ibo lèyí?"

"Ọmọ Ẹ̀gbá ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá. Kì í ṣe ohun tí èèyàn sáré fi kun ara. Aró ti wọ inú èékánná rẹ̀, àfi kí èékánná tuntun tì í jáde. Sójà náà wò ó pẹ́. Ó ní kó sọ èdè wa. Ẹ̀rù ti gbé gbogbo Yorùbá tí Ńgọ́zí mọ̀ lọ, àfi kíkí tó fi ń kí mi nídìí aró láràárọ̀.

"Àrẹdú o," ló wí fún oníbọn.

Sójà ò gbọ́ Yorùbá. Ó yíjú sí Lásísì.

"Ìwọ, ṣé tiyín ni?"

Kò sẹ́ni tó na ìbọn sí Lásísì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà, mo rí i. "Bẹ́ẹ̀ ni" ò wúwo lẹ́nu ju "rárá" lọ. Ó wolẹ̀.

"Ọmọ Ìgbò ni."

"Irọ́ ni! Ọmọ mi ni! Lásísì, ọmọ mi ni!"

Wọ́n fi ìdí ìbọn gbá mi létí òsì. Nígbà tí mo fi máa dìde, wọ́n ti mú Ńgọ́zí lọ. Títí dòní, n ò rí i mọ́.

Mo ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Lásísì náà wà láàyè ní Òwu, sáàfù iwájú ló ti ń kírun ní mọ́ṣáláṣí. Ó ń sọ fáwọn ọmọdé pé nígbà ogun, kò sẹ́ni tó lè dá inú ara rẹ̀ rò. Àwọn ọmọ ọmọ mi gbà á gbọ́. "Màmá, wọ́n fipá mú Bàbá Lásísì ni."

Ipá wo? Ìbọn lè mú ẹsẹ̀ rìn, ó lè mú ọwọ́ lọ sókè. Ọ̀rọ̀ tí Lásísì sọ, inú rẹ̀ ló ti yàn án kó tó gbé e sẹ́nu. Ẹni tó bá ní kò lè ṣe òmíràn, ó ń sọ pé èmi náà, ṣe ni ẹnu mi kàn ṣèèṣì nígbà tí mo pe Ńgọ́zí lọ́mọ. Ẹnu mi ò ṣèèṣì.

Nígbà tí a sọ ọmọ tí ọmọ ọmọ mi bí lórúkọ láìpẹ́ yìí, Lásísì wá. Ó jókòó sí òsì mi, ó ń sọ nǹkan sí mi létí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Etí òsì mi ò gbọ́ nǹkan kan láti ọjọ́ àgbàlá yẹn. Etí náà dákẹ́ bí ìkòkò tí aró inú rẹ̀ ti kú, tí kò hó mọ́. Ṣùgbọ́n tọ̀tún ń gbọ́ dáadáa. Bí mo bá yí orí díẹ̀, màá gbọ́ ohun tó ń wí.

N ò yí i.