Ọdún Mẹ́sàn-án Tí Mo Fi Mọ Ìyá Kàmọ́rù, N Ò Mọ Orúkọ Wọn

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ojú mi ṣe rí màbo ní láìbìrì lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ rọra fi mí rẹ́rìn-ín o, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ò sàn jù mí lọ!

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Denise, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, láìbìrì kan ní Chicago níbí ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní àwọn obìnrin onímọ̀ pọ̀ tí iṣẹ́ wọn ń ṣe ayé láǹfààní, ṣùgbọ́n béèyàn bá wá wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò ní rí nǹkan kan. Ó wá ní ká kóra jọ láti aago mẹ́wàá sí aago mẹ́rin, ká kọ ìtàn wọn sínú ìwé ìmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí gbogbo ayé ń kà tí ẹnikẹ́ni sì lè kọ nǹkan sí. Kí oníkálukú mú obìnrin kan wá.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ẹnu mi. Kíá ni mo ti fọwọ́ sọ̀yà pé mo ní ọ̀jọ̀gbọ́n gidi lọ́wọ́, ẹni tí mo ti mọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án!

Ìyá Kàmọ́rù ni mo ní lọ́kàn. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ni wọ́n ń gbé ní Bolingbrook, ìlú kan nítòsí Chicago, tí wọ́n ń bá wọn tọ́jú àwọn ọmọ-ọmọ, èmi ni mo sì máa ń fi mọ́tò gbé wọn lọ kírun Jímọ̀. Ní Nàìjíríà, yunifásítì ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ewu tó wà nínú ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣèwádìí. Kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ wọn nìyẹn, mo ti dúró kọ́ wọn nígbà kan bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ẹ̀pà! Wọ́n kàn ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Ojú ṣì ń tì mí dòní.

Sátidé dé, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, Denise jókòó tì mí. Ó ní ká fi orúkọ bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Kàmọ́rù," ni mo dáhùn.

Ó ní kí nìyẹn túmọ̀ sí. Mo ní ìyá tó bí Kàmọ́rù ni. Ó ní rárá, orúkọ obìnrin náà fúnra rẹ̀ lòun ń béèrè. Nígbà tó rí i pé mò ń wo ilẹ̀, ó ní, "Nine years, girl?"

Mo ṣàlàyé pé láàárín tiwa, ta ló tó pe àgbà lórúkọ? Ó gbọ́ mi yé, ṣùgbọ́n àyè orúkọ ṣì ṣófo níwájú wa.

Mo pe ọkọ mi. Ó ní, "Ṣebí Ìyá Kàmọ́rù ni?" O ṣeun o! Mo pe Àlhájà tó ń darí àwa obìnrin ní mọ́sáláṣí. Ohun tó wà nínú ìwé tiwọn ni "Ìyá Kàmọ́rù, Bolingbrook". Kàmọ́rù fúnra rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, kò gbé fóònù. Ibi tí mo fojú sí, ọ̀nà ò gba ibẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ìwé ìmọ̀ yẹn ò gba ẹnu lásán, ó ní láti jẹ́ ohun tí ẹlòmíì ti tẹ̀ jáde nípa ènìyàn náà. Láìsí orúkọ, ibo la ti fẹ́ wá a? Aago mẹ́rin á lù, iṣẹ́ ayé ìyá yìí á wà bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ṣe é.

Mo bá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo pè wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, orí fóònù ni mo ti kúnlẹ̀!

"Ẹ má bínú, mà. Àwa kan fẹ́ kọ story iṣẹ́ yín sórí internet, tẹ́ ẹ bá gbà fún wa. Wọ́n ní kí n kọ full name yín. Mà, n ò mọ̀ ọ́n."

Ohùn olùkọ́ ni mo gbọ́.

"Sàfúrátù Àbẹ̀kẹ́ Adéṣínà. Má yọ Àbẹ̀kẹ́ yẹn kúrò o, bàbá mi ló ń pè mí bẹ́ẹ̀." Wọ́n tún wá ní, "Látìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, àwọn tó wà ní office dókítà nìkan ló ń béèrè orúkọ mi."

Ó dùn mí. Mo nu ojú mi kí n tó wọlé padà.

A tẹ orúkọ náà, háà! Iṣẹ́ ìwádìí wọn ń tú jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé kan tiẹ̀ yìn wọ́n gidi gan-an, àmọ́ "Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà" ló pè wọ́n! Denise pòṣé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé ìyá wa ọ̀wọ́n, olóore, ọlọ́yàyà. Ni Denise bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́! Inú bí mi. Ó ní ẹ̀rí là ń wá, a ò wá oríkì, àti pé nítorí mo mọ ìyá náà, ó sàn kí ọwọ́ ẹlòmíì kọ ọ́. Mo dìde fún un, mo ń bá a wá ẹ̀rí. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù, ìtàn náà bọ́ sójú ayé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo fún wọn ní fóònù mi nínú mọ́tò. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n kà á dópin, wọ́n tún padà sókè. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn ni pé ọdún tí àwọn di ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́ nìyẹn, ká lọ tún un ṣe! Mo rẹ́rìn-ín títí.

Wọ́n wá bọ́ awò ojú, wọ́n wò mí. "Ìyá Ṣẹ̀ríífù, ìwọ náà ńkọ́? Kí lorúkọ rẹ?"

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Mo ní, "Múníràtù ni, mà."

Ẹ jẹ́ ká máa bọ̀wọ̀ fún àgbà o. N ò ní ṣíwọ́ pípe Ìyá Kàmọ́rù ní Ìyá Kàmọ́rù. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tó bá bo orúkọ èèyàn mọ́lẹ̀ débi tí iṣẹ́ rẹ̀ fi sọnù, ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá ta lẹ̀yin náà ń bá ṣe láti ọjọ́ yìí láìmọ orúkọ wọn? Ẹ pè wọ́n lónìí, ẹ bi wọ́n, kí ẹ wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí ní kíkún, pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má kọ Ìyá Lágbájá fún mi!