Ilẹ̀kùn Tí Bàbá Mi Gbé Lọ sí Kóòtù

Ìgbà tí mo ṣì kéré, tí irun orí mi pọ̀ ju ọgbọ́n inú rẹ̀ lọ, Mushin là ń gbé, nínú ilé tí bàbá bàbá mi kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Bàbá mi ni ẹ̀gbọ́n. Àbúrò rẹ̀, tí èmi ń pè ní Bàbá Kékeré, káfíńtà ni níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojúurin ṣe ní Èbúté Mẹ́ta. Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, ẹ má bínú tí mo bá ń dìde tí mo tún ń jókòó bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ara mi ò lélẹ̀, ẹ ó sì mọ ohun tó fà á kí n tó dákẹ́.

Nígbà tí ìyá wọn kú, bàbá mi ti yàrá ìyá náà pa, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn ṣòkòtò. Bàbá Kékeré ní òun fẹ́ mú aṣọ òkè ìyá òun kan. Bàbá mi ní kó di ẹ̀yìn ogójì ọjọ́. Àbúrò ní ta ló fi í jẹ ọlọ́jọ́. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ni Bàbá Kékeré bá fi ẹsẹ̀ kan ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn yẹn fò kọjá àgbàlá, ó lọ bá àkùkọ aládùúgbò wa níbi tó ti ń kọ, àkùkọ náà ò sì kọ mọ́ títí wọ́n fi pa á jẹ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àkùkọ.

Ìbínú gbé bàbá mi dé tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Kí ìbínú náà tó rọ̀, wọ́n ti gbé àbúrò rẹ̀ dé kóòtù ní Yaba, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó fọ́ ilé onílé. Wọ́n fún un ní béèlì, wọ́n dá ọjọ́. Ìgbà yẹn ni ojú wá là. Ọ̀gá Bàbá Kékeré níbi iṣẹ́ ti sọ fún un pé bí kóòtù bá dá a lẹ́bi, kó má wulẹ̀ padà wá. Ọmọ wẹ́wẹ́ sì wà nílé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tún lóyún.

Àbúrò bàbá wọn obìnrin, ìyá àgbà kan, gbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó wá. Kò bi wọ́n ta ló jẹ̀bi. Ó ní kí àbúrò dọ̀bálẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí wọ́n jọ mu omi nínú ife kan náà, wọ́n mu ún. Bàbá mi rò pé ó tán.

"Ó kù," ìyá àgbà ní. "Ìwọ tí o fọ́ ilẹ̀kùn, ìwọ ni wàá kan òmíràn. Ìwọ tí o mú ọlọ́pàá wọ ilé ẹ̀gbọ́n mi, ìwọ ni wàá gbé e dání títí yóò fi kàn án tán."

Ìrókò ni Bàbá Kékeré fi ṣe é, ó nípọn bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ojúurin, mo sì rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Bàbá mi gbé e dání, òógùn ń ro, àbúrò ń kan ìṣó jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò níbì kan í lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò wúwo jù?" Bàbá mi ní, "Kàn án lọ, ẹlẹ́sẹ̀ màlúù." Ibẹ̀ ni wọ́n ti bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá mi fi ayọ̀ lọ sí tẹ́ṣàn, ó ní òun ti gba ẹjọ́ òun padà. Sájẹ́ńtì wò ó. "Bàbá, ẹjọ́ ọ̀daràn kì í ṣe ewúrẹ́ tí ẹ so mọ́lẹ̀ tí ẹ tún lè wá tú. Ó ti kúrò lọ́wọ́ yín. Ti ìjọba ni."

Láti ọjọ́ náà bàbá mi ò lè jókòó mọ́. Tó bá bu òkèlè, á gbé e dání títí ọbẹ̀ á fi tutù. Ó rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ débi pé símẹ́ńtì ibẹ̀ jẹ, tí òjò bá rọ̀, omi ń gba ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣàn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu rẹ̀: "Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kí ló dé tí èmi ò lè parí ẹ̀?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, ó mú òòlù, ó yọ ilẹ̀kùn náà. Ó ní adájọ́ gbọ́dọ̀ fojú rí i pé kò sí ohun tó fọ́ mọ́. Ẹni tó pe ọlọ́pàá gbé ẹ̀yìn, ẹni tí ọlọ́pàá mú gbé iwájú. Kò sí bọ́ọ̀sì tó gbà wá, la bá fẹsẹ̀ rìn. Ní Ojúẹlẹ́gba, obìnrin kan béèrè pé èló ni. Bàbá mi ní kì í ṣe títà, kóòtù là ń gbé e lọ. Obìnrin náà wo ilẹ̀kùn bí ẹni tí àánú ṣe, ó bi bàbá mi pé:

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe?"

Adájọ́ wa, obìnrin kan tí awò ojú rẹ̀ wà ní góńgó imú, béèrè olùpẹ̀jọ́. Bàbá mi fò dìde. Ọlọ́pàá tó ń rojọ́ fún ìjọba ní rárá, ìjọba ni olùpẹ̀jọ́, ẹlẹ́rìí lásán ni bàbá yìí.

"Ìjọba wo?" ni bàbá mi wí. "Ṣé ìjọba bá mi gbé ilẹ̀kùn yìí láti Mushin ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, adájọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rín. Ó bi í bóyá ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà á kó tó gbà láti parí ọ̀rọ̀. Bàbá mi ní ìyá àgbà àwọn nìkan ló ń dẹ́rù ba àwọn. Adájọ́ wá ṣàlàyé pé ó dára kí ẹbí parí ọ̀rọ̀ wọn nílé, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ẹjọ́ wá lórúkọ ìjọba ló gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò ṣe mọ́.

Ojú gbogbo wa bá lọ sára ọlọ́pàá yẹn. Ó dìde, ó rìn yí ilẹ̀kùn ká, ó fi ìka gbá a, kọ́, kọ́. "Ìrókò?"

Bàbá Kékeré gbàgbé ibi tó wà. "Ìrókò ni, sà. Kò sí ẹsẹ̀ tó lè fọ́ èyí."

"Ẹsẹ̀ rẹ ló fọ́ ti tẹ́lẹ̀, àbí?"

Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ti lọ. Ó lanu, ṣùgbọ́n bàbá mi yára ṣáájú rẹ̀. "Ilẹ̀kùn ìyá wa ni. Tó bá fọ́, ilé wa ló fọ́. A sì ti jọ tún un kàn." Ọlọ́pàá náà wá kọjú sí adájọ́, ó ní ìjọba ò bá ẹjọ́ náà lọ mọ́. Adájọ́ wọ́gi lé e, ó ní kí Bàbá Kékeré máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì gbé igi wọn kúrò lójú ọ̀nà òun.

A ti dé ẹnu ọ̀nà ilé kí àyà bàbá mi tó já. Yàrá ìyá wọn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu láti àárọ̀, pẹ̀lú aṣọ òkè tó dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. A sáré wọlé. Ìyá àgbà ti tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó nà gbalaja lé e. Kò tiẹ̀ ṣí ojú.

"Èmi ni ilẹ̀kùn lónìí," ó ní. "Ẹ kànkùn kí ẹ tó wọlé."

Lóde òní, kò sí ilé kan ní Surulere níbí tí kò ní géètì irin, kò sì sí ìyá àgbà lẹ́nu ọ̀nà kankan. Ẹ̀yin náà kọ́, ìwọ tí o fọlọ́pàá mú ẹ̀gbọ́n rẹ nítorí mọ́tò rẹ tó fọ́? Ẹ parí rẹ̀ ní pálọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú, ẹ jọ mu omi, inú mi dùn. Mo wá bi yín pé ta ló lọ sọ fún kóòtù, ẹ ní ẹ ti fi wọ́sáàpù ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá, pé àmì rẹ̀ ti di búlúù, ó ti kà á. Ohun tí kò jẹ́ kí n jókòó nìyẹn. Ayé yín yára ju tiwa lọ, ẹ lè jà kí ẹ sì parí ìjà kí omi ẹ̀bà tó hó, ṣùgbọ́n kóòtù ṣì wà níbi tí a fi í sí.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, a jọ ń lọ ni. Ìwọ á jókòó lọ́tùn-ún mi, ẹ̀gbọ́n rẹ lósì. Mo ti gbé bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà. Mọ́tò náà nìkan ni kí ẹ fi sílé.