Ihò Kékeré Ìdí Ọkọ̀ Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi kò tíì hù tán, ọkọ̀ ojú omi kan wà nílé wa ní Ìwó. Ọkọ̀ fáíbà ni, àlòkù, ṣùgbọ́n ó funfun lójú mi ju mọ́ṣáláṣí lọ. Òun ni bàbá mi fi ń kó àwọn àgbẹ̀ àti ẹrù wọn kọjá odò Àíbà, ibẹ̀ ni oúnjẹ wa sì ti ń wá.

Lọ́dún kan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bàjẹ́, ọkọ̀ náà sì wà lábẹ́ igi máńgòrò wa ní gbogbo ìgbà òjò. Ihò kékeré kan wà nídìí rẹ̀ tí omi ń gbà jáde. Lọ́jọ́ kan tí mo ti ilé kéú dé, mo ya etí ìbòrí mi, mo fi dí ihò náà. Ni ọkọ̀ bá di odò tiwa! Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ewé máńgòrò ń léfòó lójú rẹ̀. Èmi àti àwọn àbúrò mi á nà gbalaja sínú rẹ̀, a ó máa jẹ àgbàdo sísè, a ó máa wo ìkùukùu tó ń kọjá lọ. Títí di òní, bí mo bá dijú, mo ṣì ń gbọ́ bí omi náà ṣe ń dún létí mi. Ìyá mi nà mí nítorí ìbòrí, àmọ́ wọn ò béèrè ibi tí èyí tó ya wọlé sí.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, bàbá mi tún ẹ́ńjìnnì ṣe, wọ́n sì wọ inú ọkọ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ rì mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n fi ìka kan án káàkiri. Ibi tí pákó bá ti dára a dún kó, ibi tó bá ti jẹrà a dún bù. Bù, bù, bù ni mo ń gbọ́. Fáíbà kì í jẹrà, àmọ́ pákó ni wọ́n fi ṣe inú ilẹ̀ rẹ̀, omi sì ti gba ojú ìṣó wọlé. Ẹ̀rù bà mí.

Bàbá mi gé ojú ilẹ̀ ọkọ̀ náà kúrò. Wọ́n ní, “Àṣàkẹ́, máa bọ̀. Ọwọ́ tìẹ ló kéré.” Wọ́n fún mi ní ṣíbí kan. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbẹ́ pákó dúdú, tó ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ gbàgbé, nígbà tí àwọn àbúrò mi ń ṣeré. Gàrí la ń mu láàárọ̀, gàrí náà la ń mu lálẹ́, títí bàbá mi fi tẹ́ pákó tuntun, tí wọ́n sì da fáíbà lé e. Síbẹ̀ inú mi ń dùn, mo ṣe bí èmi ni ààyò.

Bàbá mi ti darúgbó báyìí, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni ìyá mi gbìn sínú ọkọ̀ náà. Nígbà Iléyá tó kọjá, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo dí ihò yẹn.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. “Mo ti rí àkísà ìbòrí ẹ kí n tó gbẹ́ pákó kankan. Kí lo rò pé mo torí ẹ̀ gbé ṣíbí fún ẹ?”

Lónìí, bí àwọn ọmọ mi bá ṣẹ̀, mo máa ń pariwo títí gbogbo àdúgbò á fi gbọ́, wọ́n á sì ti gbàgbé kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàbá mi kò pariwo rárá. Bí òjò bá sì ti dá nílé wọn, èmi tí mo ti di ìyá ọlọ́mọ, mo ṣì máa ń jáde lọ wo ihò ìdí ọkọ̀ yẹn bóyá nǹkan ti dí i.