Wọ́n Bú Ọmọ Náà Lójú Bàbá Rẹ̀

Lọ́dún tí owó epo já wálẹ̀, tí àwọn ilé gíga àárín Calgary ní Canada ń ṣófo láti òkè dé ìsàlẹ̀, èmi tí mo ti ń ya àwòrán páìpù epo nínú ọ́fíìsì bá ara mi ní àdúgbò ilé-iṣẹ́ Foothills Industrial, mò ń to páálí lórí ara wọn nínú warehouse. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni káàánú mi. Inú ló ń bí mi nígbà náà, kò sì tíì rọ̀ tán títí di òní. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn ẹnjiníà tó máa ń gbàdúrà fún promotion yí àdúrà padà: ohun tí wọ́n ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí ọ̀gá wọn má ránṣẹ́ pè wọ́n. Ìyàwó mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń gbé ilé ró. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí, ìyẹn gan-an tún ń dùn mí.

Nídìí páálí yìí ni mo ti mọ ọkùnrin ará Ireland kan. Wẹ́dà ni, ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jó irin pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa epo lápá àríwá kí wọ́n tó dá òun náà dúró. Castleridge ni àwa méjèèjì ń gbé, nítorí náà ó máa ń fi truck rẹ̀ gbé mi lọ síṣẹ́. Ẹnu mi ò gbà á láti pe ẹni tó jù mí lọ tó bẹ́ẹ̀ lórúkọ lásán. “Sir” ni mò ń pè é. Á rẹ́rìn-ín, á ní kò sẹ́ni tó pe òun bẹ́ẹ̀ rí àfi ọlọ́pàá tó fẹ́ mú òun.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀ nínú truck, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà nílé ni. Ọmọ náà ń gbá bọ́ọ̀lù fún county wọn. Ohun tí àwa ń pè ní ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń pè ní county, county kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹgbẹ́ eré oríṣi méjì. Ọ̀kan ni Gaelic football, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé tí wọ́n tún ń fi ẹsẹ̀ gbá. Èkejì ni hurling, tí wọ́n ń fi igi lu bọ́ọ̀lù kékeré bí ẹni fẹ́ pa ejò. Òpó wọn ga bí òpó iná; bí bọ́ọ̀lù bá gba àárín òpó méjèèjì kọjá lókè, ayò kan nìyẹn. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹnikẹ́ni kì í sanwó fún wọn. Ẹni tí odindi county ń pariwo lé lórí lọ́jọ́ Sunday, tó bá di Monday, iṣẹ́ rẹ̀ ló wà. Tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọmọ tí mò ń sọ yìí. Àwọn tó bú u lánàá ló ń fa ọmọ wọn lọ́wọ́ wá bá a láàárọ̀.

Bàbá yìí kò fojú ara rẹ̀ rí i kí ọmọ náà wọ aṣọ county rí, nítorí ọmọ kékeré ló ṣì jẹ́ nígbà tí bàbá kúrò nílé. Àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá parí eré, kí ọmọ náà tó wọ bọ́ọ̀sì, yóò pe bàbá rẹ̀ ní Calgary. Ìbéèrè kan náà ló máa ń bi í: “Dad, báwo ni mo ṣe gbá a?” Bàbá tó ti wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n á sì sọ ibi tó dára àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Ó sọ fún mi pé láti ìgbà tí wọ́n ti dá òun dúró níbi iṣẹ́, ìpè yẹn nìkan ló kù tí òun fi ń mọ̀ pé òun ṣì wúlò fún ẹnìkan láyé. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ó sì tẹjú mọ́ ọ̀nà.

Nígbà tó di àsìkò ìdíje wọn, ó ní kí n wá wò ó. Ọ̀sán tiwọn ni òwúrọ̀ tiwa, nítorí náà òwúrọ̀ Sunday ni àwọn ọmọ county yẹn máa ń pé jọ wo eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n nínú basement, yàrá abẹ́ ilé ẹnìkan nínú wọn, ní Rundle. Ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú gèlè lọ́wọ́.

“Daddy, match lẹ fẹ́ lọ wò láàárọ̀ Sunday? Church ńkọ́?”

“Màá bá yín níbẹ̀. Mi ò ní pẹ́ rárá.”

“You don't even know the rules,” ni ọmọbìnrin mi sọ. Òótọ́ ló sọ.

Hurling ni wọ́n kọ́kọ́ gbá, àwọn kejì sì lu county wọn bí ẹni lu bàrà. Mo ń retí ìjà, ẹ̀rín ni mo rí. Wọ́n fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n mu tíì, wọ́n jẹ sọ́séèjì. Ìyà ti hurling ti mọ́ wọn lára, bí ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò tó ti mọ ibi tí òun máa gbé abọ́ sí. Football ni wọ́n fi ń rí ara wọn bí èèyàn. Lọ́dún náà, wọ́n ti gbá a débi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rántí pé wọ́n dé rí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ló kù, bí wọ́n bá borí wọ́n á lọ sí pápá ìṣeré ńlá tó wà ní olú-ìlú; bí wọn kò bá borí, ó parí nìyẹn.

Basement yẹn kún lọ́jọ́ náà débi pé orí àtẹ̀gùn làwọn mìíràn jókòó sí. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni epo ti já jù sílẹ̀ bíi tèmi. Ọ̀kan ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò fi padà sílé, kò sì mọ ohun tó ń lọ ṣe níbẹ̀. Ọ̀kan wà tí ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ. Mo rí i pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ló kó wọn wá. Wọ́n ń wá ibì kan, ibi yòówù kó jẹ́, tí wọ́n á ti borí lọ́dún náà.

County wọn ló ń borí fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn kejì bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn bá, díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi bá wọn tí wọ́n sì fi ayò kan ṣáájú wọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè, wọ́n fún county wọn ní free kick kan níwájú òpó gan-an. Bó bá wọlé, ọ̀mì ni, wọ́n á tún ní àǹfààní mìíràn. Ọmọ bàbá yìí ló máa ń gbá a. Ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó sẹ́yìn díẹ̀. Ó gbá a, bọ́ọ̀lù sì gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá. Rẹfirí fọn fèrè ìparí.

Ariwo tó sọ, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní Canada. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí nǹkan kan. Wọ́n bú kóòṣì, wọ́n bú rẹfirí, wọ́n bú koríko orí pápá. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ náà. Wọ́n ń yẹra fún orúkọ rẹ̀, nítorí bàbá rẹ̀ jókòó sáàárín wọn. Mo yìn wọ́n nínú mi pé wọ́n lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan nínú wọn na fóònù rẹ̀ sókè, ó ń gba ohùn gbogbo wa sílẹ̀ láti fi ṣọwọ́ sí group tí àwọn àtàwọn ará ilé wọn jọ wà lórí fóònù. Àṣà wọn ni, kí wọ́n lè gbọ́ nílé bí inú ṣe ń bí àwọn tó wà lókèèrè.

Ìgbà náà ni bàbá yìí dìde. Ó ní ojo ni ọmọ òun. Ó ní láti kékeré ló ti ń gbọ̀n nígbà tí ọ̀ràn bá le, pé òun mọ̀ pé ibi tí yóò já sí nìyí. Ó ní kò wúlò, kò sì ní wúlò láéláé. Ojú rẹ̀ pọ́n, itọ́ ń ta lẹ́nu rẹ̀. Fóònù yẹn ṣì wà lókè.

Èmi mọ ohun tí èyí jẹ́ nílé wa. Bí ọmọ ẹni bá ṣẹ àwọn ará àdúgbò, bàbá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbà á létí níṣojú wọn. Á sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni tó fẹ́ lé e nílé, kí àwọn tó ṣẹ̀ lè ní, “Ó tó, ẹ fi í sílẹ̀, ọmọdé ni.” Ẹni tó bá na ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti gba pàṣán lọ́wọ́ ará ìta. Ti àwọn tó dúró ni kí wọ́n bẹ̀bẹ̀. Mo wá ń wojú àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ pé ta ló máa bẹ̀bẹ̀.

Kò sí. Bàbá ti ṣílẹ̀kùn fún wọn, gbogbo wọn sì rọ́ wọlé. Wọ́n ní, òótọ́ lo sọ, ojo ni. Kó máa lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ABC, kó fi aṣọ county sílẹ̀. Ó ti pa wá, ó ti pa gbogbo wa.

Ara mi ò gbà á. Mo dìde, mo bọ́ síwájú bàbá náà, mo fọwọ́ kanlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. “Ẹ jọ̀ọ́ sir, ó tó. Ọmọdé ni. Ẹ foríjì í.” Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ilé wa ni. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn bi mí tọkàntọkàn bóyá nǹkan kan ló bọ́ lọ́wọ́ mi tí mò ń wá nílẹ̀. Bàbá náà wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó mú kọ́kọ́rọ́ truck rẹ̀, ó sì jáde. Mo tẹ̀ lé e.

A jókòó nínú truck níwájú ilé náà. Ó gbé fóònù rẹ̀ sáàárín wa. Mo rò pé kí n tù ú nínú, mo ní ohun tó ṣe yé mi, pé bẹ́ẹ̀ làwa náà ń ṣe nílé, à ń bú ọmọ ẹni kí àwọn èèyàn má bàa bú u jù. Mo ní àwọn yẹn ni kò mọ ipa tiwọn.

“Rárá,” ló wí. “Kì í ṣe pé mo ń dáàbò bò ó. Ohun tó wà nínú mi ni mo sọ.”

Àwa la ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fún ẹkùn pa jẹ, n kò sì ronú rí pé bàbá kan lè fi ọmọ rẹ̀ fún ẹkùn ní ti gidi, nítorí bọ́ọ̀lù tó gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá. Inú bí mi sí i. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ó ṣe mí láàánú, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ yẹn gan-an ló ń bú.

Fóònù dún. Ó wò ó títí ó fi dákẹ́. Ó tún dún. Ó tì í sọ́wọ́ mi.

“Bá mi gbé e.”

Mo gbé e. Mo ní ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ni mí, bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ohùn ọmọ náà rẹlẹ̀, ariwo àwọn èèyàn wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ pé ó tó?”

Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú basement ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó bọ́ bàtà. Mo ní èmi ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. “Ẹ bá mi sọ fún un pé mo gbọ́,” ló wí. “Ẹ ní mo ní òótọ́ ló sọ.” Kò béèrè bí òun ṣe gbá a.

Mo na fóònù sí bàbá rẹ̀. Kò gbà á. “Ẹ dá a lóhùn!” ni mo pariwo mọ́ ọn, Yorùbá ló sì jáde lẹ́nu mi. “Ọmọ yín ni!” Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gba fóònù, ó gbé e sétí. Mo sọ̀ kalẹ̀ kí n má bàa máa gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ, mo dúró sínú oòrùn. Mò ń wò ó látinú gíláàsì. Ó gbé fóònù sétí pẹ́, n kò sì rí i kí ẹnu rẹ̀ mì. Bóyá ọmọ náà ṣì wà lórí ìlà, n kò mọ̀. N kò bá ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ó ṣì ń gbé mi lọ síṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Rédíò ló wá ń sọ̀rọ̀ nínú truck.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, owó epo kò tíì gòkè padà, àwa náà sì ṣì wà nídìí páálí. Mo tún bá a lọ sí basement yẹn. Ọmọ rẹ̀ kò sí nínú àwọn tó jáde sórí pápá. Ẹlòmíràn ló ń gbá free kick, ó sì ń gbá a síta ṣáá. Ọkùnrin tó gba ohùn wa sílẹ̀ lọ́jọ́sí yíjú sí bàbá náà.

“Ọmọ tìrẹ ì bá ti gbá ìyẹn wọlé,” ló wí. “Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo county.”

Gbogbo wọn gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n yìn ín, wọ́n ka àwọn ayò tó ti gbá wọlé, wọ́n bi bàbá rẹ̀ léèrè ìgbà tó máa padà sínú ẹgbẹ́.

Bàbá náà ní òun kò mọ̀. Ó ní kò pe òun mọ́ láti ọjọ́ yẹn.