Òjò Tó Rọ̀ Sínú Ọkọ̀ Wa Lọ́nà Massè

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, torí n kò fẹ́ pariwo ọ̀rọ̀ yìí. N kì í mutí. Orí mi kò dàrú. Ẹni tó bá sì fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó kọ́kọ́ lọ sùn níbi tí mo fẹ́ sọ yìí, kó tó wá bá mi jiyàn. Ojú mi ló rí i, etí mi ló gbọ́ ọ, aṣọ ọrùn mi ló sì tutù.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wa kámpin-káà. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọkọ̀ gàgàrà tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ìdáná nínú, táwọn arìnrìn-àjò máa ń háyà ní Kútọnu. Èmi ni mo ń wà á, èmi náà ni mo ń yan ibi tí a ó sùn lójú ọ̀nà. Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú, omi gbọ́dọ̀ wà, èéfín sì gbọ́dọ̀ máa rú nílé ẹnì kan nítòsí. Lẹ́yìn náà ni n ó béèrè pé ta ló nilẹ̀, kí ló sì wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni n kì í fò. Lọ́dọ̀ tiwa, inú ilé là ń sin òkú àgbà sí, nínú yàrá tó ti ń sùn. Ilé lè wó, igbó lè bò ó, àmọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò bá ilé lọ. Ọ̀pọ̀ ibi tó tẹ́jú dáadáa fún ọkọ̀, yàrá ẹnì kan ni.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òyìnbó kọ́ ni mo gbé. Ìyá mi ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí ni, kò lè jókòó, ó sì ní Kétou, ilé òun, lòun ń lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá òun dúró. Ọ̀gá mi yá mi ní ọkọ̀ kan. Mo tẹ́ màmá sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi ìrọ̀rí há a lọ́tùn-ún lósì. Ó ti rù débi pé ọwọ́ kan ni mo fi gbé e wọnú ọkọ̀. Kó ṣáà délé láàyè ni mò ń bẹ Ọlọ́run.

Ọ̀nà ò dáa. Bí táyà bá ti wọ kòtò báyìí, màmá á kérora, igbe rẹ̀ á sì wọ̀ mí lára ṣinṣin. Nígbà tí a fi máa dé agbègbè Adja-Ouèrè, ó ti ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, a ó sinmi di àárọ̀.

Mo ro ti ilé epo tó wà létí títì, àmọ́ àwọn tírélà ò ní jẹ́ kó sùn. Mo ro ti ọgbà ilé ìwé kan ní Kpoulou, omi ò sí níbẹ̀. Ló bá kan ibì kan tí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi ti ń yìn láti ọjọ́ pípẹ́, ibi ìgbọ́kọ̀sí tuntun kan lọ́nà Massè. Wọ́n ní ẹ̀rọ omi ń ṣe wàà níbẹ̀, iná kúrán kì í sì í lọ. Mo yà síbẹ̀.

Ní tòótọ́, ibẹ̀ rẹwà. Wọ́n ti da yangí pupa sí i, wọ́n fi kátapílà tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó ni ín jáde wá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mùsíbáù, ikùn ẹ̀ ṣíwájú, òun tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu ẹ̀.

“Tàǹtí, ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ọ̀nà.”

Tàǹtí ni wọ́n ń pe obìnrin bíi tèmi lọ́dọ̀ wa. Mo kí i, mo bi í ní ìbéèrè mi. Kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀?

“Igbó ni, Tàǹtí. Igbó lásán. Ejò ló ń gbébẹ̀.”

Ó fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀, ó ní bí ohunkóhun bá yọjú, kí n pe òun. Ó gun ọ̀kadà ẹ̀, ó gba Adja-Ouèrè lọ. Mo ṣì ń rí ẹ̀rín yẹn lójú mi títí dòní, ó sì ń bí mi nínú.

Oòrùn ò tíì wọ̀ o. Ẹ má rò pé òru ọ̀gànjọ́ ni mò ń bá bọ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo ènìyàn ti là, òjò sì ti gbàgbé wa láti ìgbà pípẹ́. Mo dáná ọbẹ̀ fún màmá, mo wá rí ewúro létí ilẹ̀ náà. Mo lọ já díẹ̀.

Ewúro yẹn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Igi ìbẹ́pẹ kan wà nídìí ẹ̀, àti igi ata wẹ́wẹ́. Ọwọ́ mi dúró lórí ewé.

Ẹ gbà mí gbọ́, ewúro kì í to ara ẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú igbó. Obìnrin ló ń gbìn ín, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló sì ń gbìn ín sí. Ó wá yé mi pé Mùsíbáù ti purọ́ fún mi.

Ibi tí mo dúró sí yẹn ni bàbá adẹ́mu kan ti kọjá lójú ọ̀nà. Ó gbé igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ kọ́ èjìká, ó gbé kèrègbè lọ́wọ́. Ó dúró, kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan yangí yẹn.

“Ta ló wà nínú mọ́tò?” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbóhùn sókè.

“Màmá mi ni, Bàbá. Ara wọn ò yá.”

Ojú bàbá yí padà.

“Ara ẹ̀ ò yá, o wá gbé e sùn sínú yàrá Ìyá Kúdí?”

Mo bẹ̀ ẹ́ kó ṣàlàyé. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ń bojú wẹ̀yìn, ó tún wá sọ ọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n Mùsíbáù ni Ìyá Kúdí. Òun àti ọkọ ẹ̀ ni wọ́n jọ po amọ̀ ilé tó wà níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, tí wọ́n sì tún ọ̀nà ṣe, Mùsíbáù ní ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun ti di ti òun. Obìnrin náà ní inú yàrá òun lòun máa kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n á sì sin òun sí.

Àìsàn wá gbé e dálẹ̀. Ìgbà òjò ni. Kúdí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà lọ́hùn-ún ní Nàìjíríà. Mùsíbáù fi àkàbà gun òkè ilé, ó sì ń ṣí páànù lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí obìnrin náà wà lórí ẹní nísàlẹ̀. Ó ní ikán ti jẹ igi àjà, òun fẹ́ tún un ṣe ni. Ó kó páànù lọ, kò padà. Òjò dé. Nígbà tí àwọn ará ilé kejì fi máa gbọ́, Ìyá Kúdí ti fi abọ́ tánganran borí, ó ń gbọ̀n. Kò pẹ́ ló kú. Wọ́n sin ín sínú yàrá náà bó ṣe fẹ́, wọ́n yíjú padà, Mùsíbáù bá gbé kátapílà dé.

Inú bí mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú bí mi débi pé ewé ọwọ́ mi rún mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní kí n yáa gbé màmá kúrò níbẹ̀ kíá.

Bí mo ṣe ń rò ó ni mo gbọ́ òjò.

Òjò lórí páànù ni. Gbogbo wa la mọ ìró yẹn. Mo gbójú sókè, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Mo wo ọ̀tún wo òsì, kò sí páànù kankan nítòsí. Bàbá adẹ́mu náà gbọ́ ọ. Kò kí mi pé ó dàbọ̀. Ó kàn ní, “Ó ti dé,” ó sì yára lọ.

Mo sáré dé ìdí ọkọ̀. Omi ń ṣàn láti abẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń kán sórí yangí. Mo sì ń gbọ́ ohùn màmá, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Mo ṣí ilẹ̀kùn.

Òjò ń rọ̀ nínú ọkọ̀. Kì í ṣe pé ó ń jò. Ó ń rọ̀ ni. Ó ń ti òkè wá, ó ń ba bẹ́ẹ̀dì, ó ń ba màmá lójú. Eyín màmá ń lu ara wọn. Ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ìyá arúgbó kan jókòó sí, ìró ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó fi ọwọ́ méjèèjì di abọ́ tánganran mú lórí. Kò wò mí. Òkè ló ń wò.

“Ṣé wọ́n ti dá páànù mi padà?”

Mo yíjú sí màmá.

“Dá wọn lóhùn,” màmá sọ fún mi. “Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń béèrè.”

“Rárá, Ìyá,” ni mo wí. “Wọn ò tíì dá a padà.”

“Ta ló kó o?”

“Mùsíbáù ni.”

“Pè é fún mi.”

Mo kó ọwọ́ sábẹ́ màmá kí n gbé e jáde. Kò gbé. Ìyá mi tí mo fi ọwọ́ kan gbé láàárọ̀, gbogbo agbára mi ò mi í. Ara rẹ̀ tutù, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Ẹkún gbọ̀n mí.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Màmá mi ń kú lọ.”

“Èmi náà kú. Pè é.”

Ẹ gbọ́ mi o. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo mọ̀ pé bí mo bá pe ọkùnrin yìí, mo ti fà á lé ohun tí n kò mọ òpin ẹ̀ lọ́wọ́. Mo wo ojú màmá, mo rántí ẹ̀rín ẹni tó ní igbó lásán. Mo pè é.

“Ẹ̀gbọ́n, omi ń dà níbí o. Ẹ tètè wá wò ó.”

“Omi wo nínú ọyẹ́ yìí, Tàǹtí?” Ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ ṣáà máa bọ̀.”

Irọ́ kọ́ ni mo pa fún un.

Mo fara bo màmá, mo ń ka gbogbo àdúrà tó wá sí mi lẹ́nu. Òjò ń lù mí lẹ́yìn. Ìyá arúgbó náà ṣáà jókòó bí ẹni tó ń retí àlejò. Oòrùn ń wọ̀ lọ lójú fèrèsé, ó pọ́n bí epo. A gbọ́ ìró ọ̀kadà lójú ọ̀nà.

Ìgbà tí ẹsẹ̀ Mùsíbáù kan yangí, òjò inú ọkọ̀ dá. Bí ìgbà tí èèyàn bá ti ẹ̀rọ omi. Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ màmá ṣófo. Mo gbé orí màmá wò, ó fúyẹ́ padà.

Mo yọjú lójú fèrèsé. Mùsíbáù dúró láàárín ilẹ̀ ẹ̀, ó gbójú sókè.

“Ta ló ń da omi sí mi lára?”

Aṣọ ẹ̀ ti rin gbindin, ó lẹ̀ mọ́ ikùn ẹ̀. Erùpẹ̀ tó yí ẹsẹ̀ ẹ̀ ká gbẹ, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ ẹ káàkiri. Ó yí síbí, ó yí sọ́hùn-ún, òjò bá a lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Ìgbà náà ni mo rí i pé ó mọ̀. Ó sáré wá sí ìdí ọkọ̀ wa, ó ń gbá ilẹ̀kùn.

“Tàǹtí, ẹ ṣílẹ̀kùn! Ẹ jẹ́ kí n wọ abẹ́ òrùlé!”

Mo ti ilẹ̀kùn pa.

Ẹ lè dá mi lẹ́jọ́ bó bá wù yín. Ó dùn mọ́ mi. Mo gba inú ọkọ̀ bọ́ sí ìjókòó awakọ̀, mo ṣáná sí i, mo sì wakọ̀ jáde. Ohùn ẹ̀ ti rẹlẹ̀ lẹ́yìn wa nígbà yẹn. Ó ń bẹ̀bẹ̀, “Ìyá Kúdí, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá Kúdí.” N kò bojú wẹ̀yìn títí a fi dé Pobè.

Màmá délé. Ó ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí, ó sì ti ń bá àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ jà lórí àgbàdo sísun. Ti Mùsíbáù, ohun tí mo gbọ́ ni pé ó wà láàyè. Àwọn ọlọ́kadà Adja-Ouèrè ló sọ fún mi. Wọ́n ní ilé tó bá ti sùn sí, kódà ilé oníkọnkéré, òjò á wọlé bá a. Àwọn ìyàwó ẹ̀ ti ní kó máa lọ sun ìta. N kò lọ wò ó.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Àmọ́ màmá pè mí lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ̀rọ̀. Ó ní àlejò òun tún wá, ó jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ òun bíi ti ọjọ́ inú ọkọ̀, ara ẹ̀ ti gbẹ.

“Ó ní Mùsíbáù nìkan kọ́. Ó ní ẹnì kan bá a di àkàbà mú nísàlẹ̀.”

“Ta ni, Màmá?”

“Kò rí ojú ẹni náà. Ó ní òjò wà lójú òun. Ọwọ́ ẹni náà nìkan ló rí. Ó ní òun á máa wá mi wò títí òun á fi rí i.”

Ara ìyá mi ni obìnrin yìí ń jókòó tì, ẹ gbọ́, ara ìyá mi. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gba ọ̀nà Massè, tí ìyá arúgbó kan bá ní kí ẹ na ọwọ́ kí òun wò ó, ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, kó nà án, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ìwọ tí o di àkàbà mú, o mọ ara rẹ. Bí o bá ń wá ibi tí o máa sùn lójú ọ̀nà, má dá ọkọ̀ mi dúró. N ó gbé ọ, n ó sì wakọ̀ tààrà dé Kétou, níbi tí ẹni tó ń wá ọwọ́ rẹ ti jókòó.